Òpin Fíìmù Kérésì Tí Bàbá Mi Máa Ń Sọ

Agogo ni mo kọ́kọ́ gbọ́, agogo kékeré kan tó ń dún bí ìgbà tí ọmọdé bá ń fi ṣíbí lu ife. Inú pálọ̀ ló ti ń dún, níbi tí Adéọlá ti ń tọ́jú bàbá mi. Mo wà nílé ìdáná, mò ń bẹ iṣu, ọ̀bẹ sì dúró lọ́wọ́ mi. Mo mọ agogo náà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn, nínú pálọ̀ yìí kan náà, ní Becontree Heath níbí, ní London. Etí kì í gbàgbé ohun tó bá ti dẹ́rù bà á rí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ máa ń dá fíìmù dúró kí ẹ lè lọ tọ̀, ó lè ṣòro fún yín láti mọ bí tẹlifíṣọ̀n ṣe rí nígbà tiwa. Fíìmù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí o bá dìde, ó ti kọjá nìyẹn, o di ẹni tó ń bẹ ará ilé pé kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Tiwa wà lórí tábìlì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn òyìnbó ti ń dáná yá láyé àtijọ́, ìyẹn ojú ṣímínì, tí kánsù tó ni ilé ti fi pákó dí pa.

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ní Dagenham ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀kùn ló máa ń so mọ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ kan á kọjá níwájú rẹ̀, á so ilẹ̀kùn mọ́ ọn, òmíràn á dé. Tó bá wọlé nírọ̀lẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á bọ́ bàtà, á jẹun, á wá jókòó, á máa wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Àmọ́ ní gbogbo Kérésìmesì, tó bá ti gbàdúrà sórí ìrẹsì tán, á ní, "Ọdún tó ń bọ̀, Ìjẹ̀bú-Igbó la ó ti jẹ ẹ́." Èmi tí wọ́n bí sí London, tí mi ò tíì fojú kan Ìjẹ̀bú-Igbó rí, á ṣe àmín tó rinlẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Kérésìmesì kan la tan tẹlifíṣọ̀n, tí a bá fíìmù náà níbi tó ti ń lọ. A ò mọ orúkọ rẹ̀. Bàbá Kérésì kan ló ń gba ojú ṣímínì wọlé tọ ìdílé kan, kì í sì í ṣe ẹ̀bùn ló gbé wá fún wọn. Eyín rẹ̀ dà bí ayùn. Bí agogo etí fìlà rẹ̀ bá ti dún báyìí, ẹnì kan wọ ikùn rẹ̀ nìyẹn. Bàbá onílé ló kọ́kọ́ gbé mì, tòun ti tòlótòló tó ń gé lọ́wọ́, ó sì tu táì rẹ̀ jáde bí ẹni tu eegun ẹja.

Mo ti sá sẹ́yìn àga. Ohun tí mo wá gbọ́ ni ẹ̀rín bàbá mi. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ń lu orúnkún, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Yéè! Ó gbé e mì! Ó ní òun ò jẹ táì!" Mo yọ jáde. Ẹ̀rù ń bà mí, inú mi ń dùn, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí Bàbá Kérésì yẹn gbé gbogbo wọn mì kí ẹ̀rín bàbá mi má baà tán.

Ibi tí àwọn tó kù nínú ìdílé náà ti sá jáde, tí wọ́n di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, ni ìyá mi ti ìsìn dé. Mo rí aláṣọ funfun lẹ́nu ọ̀nà, mo figbe ta, kí n tó mọ̀ pé sùtánà ìyá mi ni. Ìyá mi kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ṣeré. Ó wo ṣímínì inú tẹlifíṣọ̀n, ó wo tiwa tí wọ́n fi pákó dí, ó rí i pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Kò sí ohun tó máa gba ibẹ̀ wọlé mi!" Ó yọ omi àdúrà nínú báàgì. Ó wọ́n ọn sí ṣímínì, ó wọ́n ọn sí wa lórí, ó sì wọ́n ọn sí tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n dún pàá, ó rú èéfín díẹ̀, ó kú.

"Obìnrin yìí, o ò jẹ́ kó parí ná!"

"Ó ti parí. Àdúrà ti gbà."

Mo bú sẹ́kún. Bàbá mi gbé mi lé ẹsẹ̀, ó ní òun mọ bó ṣe parí. Ó ní wọ́n wọ ọkọ̀ náà, ọkọ̀ tí òun fi ọwọ́ ara òun so ilẹ̀kùn rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà pa dé, Bàbá Kérésì fà á títí, kò ṣí. Wọ́n gba Heathway, títì àdúgbò wa, jáde, wọ́n sọdá òkun (kò sọ bí wọ́n ṣe ṣe é, mi ò sì bi í), ó di Ìjẹ̀bú-Igbó, ó di àgbàlá Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi. Kò sí ṣímínì níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni máa gbà wọlé. Ìyá Àgbà ń gbálẹ̀, kò gbójú sókè, ó ní, "Ta nìyẹn?" Ibẹ̀ ni ìtàn ti máa ń dùn jù. Bàbá mi á yí ohùn padà, á di Ìyá Àgbà, á di àbúrò rẹ̀ tó ń kálòlò, á di ajá pàápàá, títí gbogbo agbo ilé á fi tú síta láti pàdé wọn. Lọ́dọọdún ló ń sọ ọ́ fún mi, kò sì sọ ọ́ bákan náà rí.

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kógbá wọlé. Ìyá Àgbà kú, bàbá mi kò rí owó ọkọ̀ òfuurufú lọ sin ín. Ìyá mi kú, ilẹ̀ yìí náà la sin ín sí. Ilé tí bàbá mi kọ́ sí Ìjẹ̀bú-Igbó ti lórùlé, ewúrẹ́ ló ń sùn nínú rẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀, ó gba ohùn rẹ̀ lọ. Dókítà ní kò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú mọ́ láyé rẹ̀. Mo ti sunkún ọ̀rọ̀ yẹn nínú bọ́ọ̀sì, mo ti sunkún rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Aunty, ẹ wá wò ó!" Adéọlá ló ń pè mí. Kò tíì pẹ́ tó ti Ìbàdàn dé fún iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. "This film ti craze o! Daddy náà ń wò ó."

Lóòótọ́ ni, ojú bàbá mi wà lára fóònù tí Adéọlá gbé ka iwájú rẹ̀. Mo jókòó, mo di ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ mú. Bàbá Kérésì gbé bàbá onílé mì, ó tu táì jáde. Ẹnu bàbá mi mì. Mo dúró, mo ń retí ẹ̀rín yẹn, àní kó kéré bí èémí. Itọ́ ló jáde, mo sì nù ún.

A wá dé ibi tí omi àdúrà ti pa tẹlifíṣọ̀n wa lọ́jọ́sí. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n sá ní gbogbo òru. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Wọ́n gbójú sókè. Iwájú ilé wọn náà ni wọ́n wà, lẹ́nu géètì kan náà. Agogo dún.

Adéọlá rẹ́rìn-ín títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. "Wọ́n ṣì wà níbẹ̀! All that driving!" Bàbá mi yíjú sí mi. Ó wò mí pẹ́.

Mo pa fóònù náà. "Irọ́ ni, Bàbá mi. Kì í ṣe bó ṣe parí nìyẹn." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, èmi tó jẹ́ pé etí nìkan ni mo fi gbọ́ ọ láti kékeré. Mo pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé, mo gba Heathway, mo sọdá òkun. Mo dé àgbàlá. Ìyá Àgbà ní, "Ta nìyẹn?" Mo sì dákẹ́. Mi ò mọ àgbàlá yẹn. Mi ò mọ ohùn ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹnu bàbá mi ni gbogbo wọn ń gbé, ẹnu náà sì ti tì. Ó ń wò mí, ó ń retí àwọn èèyàn rẹ̀.

Fíìmù kò sọnù mọ́ láyé ìsinsìnyí, ẹnikẹ́ni lè rí òpin rẹ̀ nínú fóònù. Pákó kánsù ṣì wà lójú ṣímínì wa. Mi ò rí ohun mìíràn mú, àfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ délẹ̀.

Mo ní, "Ọdún tó ń bọ̀, Bàbá mi, Ìjẹ̀bú-Igbó la ó ti jẹ ẹ́."

Adéọlá ló ṣe àmín.