Ìyá Ọkọ Mi àti Ẹsẹ̀ Ọmọ

Tí mo bá ti rí ike òrí lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi, mo ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọmọ mi ló fẹ́ fà, kó sì fi aṣọ dì í. Ẹsẹ̀ náà tẹ̀ bí ọrun. Nọ́ọ̀sì kan l'Ọ́wọ̀ ní eegun rẹ̀ ṣì rọ̀, ká máa gbé e sí oòrùn àárọ̀, ká má fi aṣọ dì í mọ́.

Ìyá ní, "Ìyàwó, ṣé nọ́ọ̀sì yẹn ló wẹ ọkọ ẹ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́?"

Á máa fà á, á máa kọ orin ìyìn sí Olúwa, n ò sì ní lè bínú sẹ́ni tó ń yin Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ kan, orúnkún ọmọ wú. Mo bú sẹ́kún. Ìyá tú aṣọ náà, kò sì dì í mọ́; èmi náà wá ń gbé ọmọ sí oòrùn ní àràárọ̀. Ẹsẹ̀ ń nà bọ̀ báyìí, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Àmọ́ bí mo bá pẹ́ lórí ibùsùn láàárọ̀, ìyá á pariwo bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́:

"Ìyàwó! Ṣé o ò mọ̀ pé eegun ọmọ ń fẹ́ oòrùn ni?"