Ààyè Ẹní Kan

Ọdún méjì ni Rùkáyàt fi ń jókòó kírun lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá bi í léèrè ìdí, á ní orúnkún ni. Èmi kò gbà á gbọ́. Yàrá tí mo háyà ní Abakpa Nike dojú kọ tiwọn, mo sì máa ń rí i nírọ̀lẹ́ tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Marúwá, tí yóò gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́jọ tí wọ́n so pọ̀ karí, tí yóò sì gun àtẹ̀gùn wa láìdúró mí. Orúnkún tó ń dunni kì í ṣe báyẹn.

Kẹ́ẹ̀gì òfìfo àti ike ọ̀dà tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ ló ń tà ní ọjà Ogbete fún àwọn tó ń ta epo pupa àti gàrí. Ọ̀fà ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Enugu ni wọ́n bí òun sí, ó sì ń fi èdè Ìgbò ná ọjà títí á fi sú ẹni tó ń tà fún un. Àtíbàbà tó ń pàtẹ sí kò ní ilẹ̀kùn, nítorí náà ohun tí kò bá tà, ilé ló ń gbé e bọ̀. Ike fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gba ààyè. Ó gba igun pálọ̀, ó gba abẹ́ tábìlì, ó gba ojú fèrèsé, títí ó fi ku ọ̀nà tóóró kan láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí bẹ́ẹ̀dì.

Qonitah, ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ló sọ bí ọ̀rọ̀ orúnkún ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi. Alhaja Zuliat, olórí àwọn obìnrin àsàlátù wọn, ló yọjú lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, tó rí i tó ń kírun níjòókòó. "Ṣé orúnkún ni, Ìyá Qonitah?" Rùkáyàt wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo Alhaja, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ló ti di dandan kó máa jókòó kírun ní mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú. Wọ́n fún un ní òrí, wọ́n fún un ní róòbù. Ó ń gbà á, ó ń dúpẹ́.

Lọ́jọ́rú kan, Alhaja pè é lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ga débi pé mo gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà mi.

"Ìyá Qonitah, a ti ra àga ìkírun fún ẹ! Lọ́jọ́ Àìkú, tí a bá ṣe àsàlátù tán, gbogbo wa là ń gbé e bọ̀ nílé. Ọ̀dọ̀ rẹ la ti máa kí Àìlà, kí àga náà lè ní alubáríkà."

Rùkáyàt gbé fóònù sílẹ̀. "Mo gbé!"

"Mummy, which kind knee be that sef?"

"Panu mọ́ jàre. Obìnrin mẹ́rìnlá! Ibo ni wọ́n fẹ́ fẹsẹ̀ lé?"

Mo bi í bóyá ìtìjú ló ń bà á lẹ́rù.

"Ìtìjú á kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ le kì í jókòó kírun ọ̀ranyàn. Ọdún méjì, ọmọ mi. Ta ni mo ń tàn?"



Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ilé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó kó kẹ́ẹ̀gì láti apá òsì sí apá ọ̀tún, ó tún kó wọn padà. Ó rí bàtà kan tó ti ń wá láti ọdún tó kọjá. Inú rẹ̀ dùn sí i, ó jókòó sórí ike ọ̀dà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù. Mo ti ka oríṣiríṣi ìmọ̀ràn lórí bí a ṣe ń to ilé; kò sí èyí tó rántí ẹni tó ti wà nínú oòrùn ọjà láti àárọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, Qonitah fa ẹní ìkírun yọ, ó tẹ́ ẹ sórí kẹ́ẹ̀gì.

"Mummy, ẹ kàn kó ibi tí mat yìí dé. Ẹ má wo èyí tó kù."

Rùkáyàt pòṣé, ṣùgbọ́n ó kó o. Ní abẹ́ ibẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà olódòdó ṣì pupa bí ọjọ́ tó rà á. Ó tẹ́ ẹní, ó kírun, ó sì forí kan ilẹ̀ ilé ara rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi tí Qonitah fi rò pé ó ti sùn lọ.

Láti ìgbà náà, bí ó bá tún fẹ́ kírun nílé, á gbé ẹní síwájú díẹ̀, á sì kó ibi tó kàn. Kẹ́ẹ̀gì tó dára, ó kó o lọ fún obìnrin kan tó ń ta epo ní Ogbete. Èyí tó ti sán, ààtàn ló lọ. Mo ní á sú u kó tó di ọjọ́ Sátidé. Kò sú u.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn obìnrin náà wọlé, wọ́n gbé àga síwájú. "Jókòó ká wò ó," ni Alhaja wí. Ó jókòó, wọ́n ní ó bá a mu gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n to sàfù lẹ́sẹẹsẹ, tí Alhaja sì kábàrà láti bẹ̀rẹ̀ ìrun, Rùkáyàt fi ẹsẹ̀ ti àga náà sẹ́yìn, ó dìde dúró, ó rúkúù, ó sì forí kanlẹ̀ bíi ti gbogbo wọn. Wọ́n sálámà tán, gbogbo wọn yíjú sí i.

"Òrí wa yẹn mà ṣiṣẹ́ o," ni Alhaja wí.

"Orúnkún mi ò dùn mí rí, Alhaja. Ilẹ̀ ni kò sí. Ilé mi ló kún, mo wá parọ́ mọ́ orúnkún. Ẹ forí jì mí."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Alhaja kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga náà mọ́ra, ó rọra jókòó sórí rẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ó ti lé lọ́dún kan tí tèmi ti ń dùn mí. N ò sọ, kí ẹ má baà pè mí ní arúgbó. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé àga yìí padà o."

Oṣù kan lẹ́yìn náà, mo tún yọjú. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà ti padà sí igun, mo sì nàka sí wọn.

"Mo rí wọn," Rùkáyàt ní. "Wọn ò lè kọjá ibẹ̀ yẹn."

Ẹní rẹ̀ ṣì wà ní títẹ́ láàárín pálọ̀. Tó bá kírun kan tán, á tún kí òmíràn, láti fi san èyí tó fi ọdún méjì kí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ilẹ̀ yẹn ṣì níṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe.