Àga Gíga Ilé Gàrí

Èéfín ilé gàrí kan ní Ìlobù ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, àti bí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣe ń fọwọ́ ti ìbàdí kó tó lè dìde lórí àpótí ìjókòó rẹ̀. Ẹ̀yìn ń dun gbogbo àwọn ìyá tó ń yan gàrí níbẹ̀. Mo wà ní yunifásítì nígbà náà, iṣẹ́ ṣíṣe ohun èlò tó bá ara ènìyàn mu ni mò ń kọ́, mo sì ti pinnu pé èmi ni màá gbà wọ́n lọ́wọ́ ìrora. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ o, ọgbọ́n ló pọ̀ lágbárí mi.

Mo gbé téèpù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àwọn obìnrin: bí wọ́n ṣe ga tó, gígùn ẹsẹ̀ wọn láti orúnkún dé ilẹ̀, ibi tí ọwọ́ wọn lè nà dé. Ọ̀ràn ilẹ̀ ò tíì dá wàhálà sílẹ̀ láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun tó múlé tì í lọ́dún náà, nítorí náà mo lọ wọn àwọn tó ń yan gàrí lọ́hùn-ún pẹ̀lú. Àwọn ọ̀dọ́ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń dúró. Àwọn àgbà ìlú méjèèjì kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ láti wọn ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ó fà á sẹ́yìn.

"Òkú la máa ń wọ̀n," ó ní. "Ṣé o ti fẹ́ gbẹ́lẹ̀ dè mí ni?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Àga tó máa tù yín lára ni mo fẹ́ ṣe."

"Ṣe é, ọmọ mi. Ṣáà má wọ̀n mí."

Mo bá kó ìwọ̀n àwọn ọ̀dọ́ sínú kọ̀ǹpútà, mo ní kó bá mi ṣírò bí àwọn àgbà yóò ṣe rí. Ó ṣírò wọn lóòótọ́, olùkọ́ mi sì yìn mí. Ṣùgbọ́n gbogbo arúgbó inú kọ̀ǹpútà mi ló dúró ṣánṣán; ẹ̀yìn ẹnìkan ò tẹ̀, orúnkún ẹnìkan ò le. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Mo ti ń pa òwe náà láti kékeré, n kò mọ̀ pé ó kan iṣẹ́ mi.

Wẹ́dà fi irin ṣe àga mẹ́fà, a fi sìmẹ́ǹtì mú ẹsẹ̀ wọn mọ́lẹ̀ níwájú agbada. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń fì lókè ni. Ojú tì mí. Mo ní kí n gé àga náà, ó ní, "Kí lo fẹ́ gé? Ó tù mí lára. Wàá ṣe jù báyìí lọ, láṣẹ Ọlọ́run." Àwọn tó kù ń ṣe àmín. Nítorí kí wọ́n má baà dójú tì mí, wọ́n ń gun àga náà lárààárọ̀, èmi náà sì padà sílé ìwé.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè mí pé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣubú níbi tó ti fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àga náà, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Mo sáré dé, n kò rí nǹkan kan ṣe ju kí n jókòó ti ibùsùn rẹ̀ lọ. Mo gé àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́sẹ̀ náà. Ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ ṣe wọ́n kò lè dé ibẹ̀ mọ́.

Lónìí, n kì í ṣe ohun èlò kankan láì kọ́kọ́ jókòó ti àwọn tó máa lò ó fún ọjọ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn ò gbé Ìyá dìde. Ọ̀pá ló fi ń rìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà. Bí àlejò bá bi í léèrè ohun tó ṣe é, màá dorí kodò, màá máa retí kó dárúkọ mi. Kò dárúkọ mi rí.

"Àga yẹn ò ní àbùkù kankan o," ni yóò wí. "Ẹsẹ̀ tèmi ló kúrú."