Ilé Tí Ìyá Àgbà Gbà Láti Wọ̀

Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, gbogbo ayé ló fẹ́ nílé sí Orè. Títì márosẹ̀ ti gba ibẹ̀ kọjá, ìlú sì ń kún sí i. Bàbá mi, tó ń dáko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní Omifunfun, ní òun náà kò ní darúgbó sí abà. Ilé kan ṣoṣo tó máa gba gbogbo wa ló ń wá: ìyá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, àbúrò rẹ̀ àti ìdílé tiẹ̀, àti àwa ọmọ tó pọ̀ bí eèrà.

Ìyá àgbà ló wá di wàhálà. Gbogbo ilé tí a bá wò, ohun kan náà ló máa ń bi ẹni tó fẹ́ tà á: "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ó sin mí sí?"

Nílùú tiwa, a kì í gbé àgbà lọ sin sí ìgbẹ́. Ilé ni wọ́n ń sin ín sí, kí àwọn ọmọ lè máa rí i. Àmọ́ àwọn ilé kọjúsími-n-kọjúsíọ tí wọ́n ń tà nígbà náà, sìmẹ́ǹtì ni gbogbo àgbàlá wọn. Alágbàtà tó ń mú wa kiri bẹ bàbá mi pé kó máa fi ìyá sílẹ̀ nílé.

Inú bí bàbá mi. "Ẹ̀yin ìyá yìí, ṣé ilé la fẹ́ rà ni àbí ibojì?"

"Méjèèjì ni," ni Ìyá àgbà fèsì. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn jù!

Bàbá mi ò lè fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ sí abà. Bí ìyá ò bá sì gbà, abà náà ni gbogbo wa ó wà.

Ìgbà tó yá, a dé ilé bàbá Ìkálẹ̀ kan. Ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, yàrá wà lọ́tùn-ún lósì, igi ọsàn sì wà lẹ́yìnkùlé. Ibojì kan wà lábẹ́ igi náà. Bàbá náà dúró tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jalè.

"Iye mi rèé," ló wí. Bẹ́ẹ̀ làwọn Ìkálẹ̀ ń pe ìyá. Gbogbo ẹni tó ti wá ra ilé náà ló fẹ́ hú òkú rẹ̀, kí wọ́n lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, ó sì ti lé gbogbo wọn.

Bàbá mi fajú ro. Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa koríko tó hù síbi orí ibojì náà. "Ẹ kú ilé o," ló kí òkú. Ó wá yíjú sí bàbá onílé: "Ẹ fọkàn balẹ̀. Èmi ni n ó máa gbá ibẹ̀. Àyè mà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn."

Bàbá náà bú sẹ́kún. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ló gbà láti ta ilé fún wa.

Ìyá àgbà ń gbá ibẹ̀ láràárọ̀, ó sì ń ṣòfófó ọbẹ̀ ìyá mi fún òkú olókùú. Nígbà tí tirẹ̀ tó, ẹ̀gbẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ la sin ín sí. Mo ṣì ń ṣàárò ohùn rẹ̀ lábẹ́ igi yẹn.

Àwọn àbúrò mi ti tú ká báyìí, wọ́n ní ká ta ilé náà. Láìpẹ́ yìí, ẹnì kan wá tó fẹ́ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Mo mú un lọ sẹ́yìnkùlé, mo fi àwọn ìyá méjèèjì hàn án, mo sì ń wò ó bóyá á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti Ìyá àgbà. Ó ní kí n má ṣèyọnu, katakata á kó gbogbo ìyẹn kúrò.

Mo mú ìgbálẹ̀, mo ń gbá ibẹ̀ títí ó fi lọ.