Ojú Tí Fúnkẹ́ Fi Ń Wò Ó

Iná lọ ní àdúgbò wa ní Lokogoma lánàá. Kí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò tó bẹ̀rẹ̀ ariwo, gbogbo ilé dákẹ́ díẹ̀, ọmọbìnrin mi sì gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀. Ó ń kọ ìtàn tirẹ̀ lórí àwọn èèyàn inú fíìmù kan tó fẹ́ràn.

"Mọ́mì, ta ni kó máa sọ ọ́?"

Inú irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Fúnkẹ́ ọ̀rẹ́ mi ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Life Camp là ń gbé nígbà yẹn, ọmọ Kàbbà ni àwọn òbí wa. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, a máa ń wo eré kan lórí tẹlifíṣọ̀n, eré ìdílé ọlọ́rọ̀ kan àti ọmọ ọ̀dọ̀ wọn. Iná kì í sábà jẹ́ ká wò ó parí. Ibi tó bá dé la ti ń gbà á, tí a ó fúnra wa sọ ọ́ parí, lórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn kíṣìnnì, níbi tí òórùn kẹrosíìnì kì í tán. Fúnkẹ́ kì í jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ àfi tí a bá ti mọ ibi tí ìtàn ń lọ àti ẹni tí a ó fi ojú rẹ̀ wò ó. Ojú ọ̀gá lèmi máa ń fẹ́, torí òun ló ni mọ́tò.

Fúnkẹ́ á ní, "Kai, ìwọ yìí. Ọ̀gá ń hanrun nígbà tí ìyàwó ẹ̀ kó ẹrù jáde. Ṣé híhanrun lo fẹ́ fi ròyìn fún wa?"

Ojú ọmọ ọ̀dọ̀ lòun máa ń yàn. Ẹni tó ń gbé oúnjẹ kiri ló ń wọ gbogbo yàrá. Lọ́jọ́ kan tí eegun ń ro ó, ó sọ ìdí kejì fún mi: ẹni tó ń sọ ìtàn ara rẹ̀ kò lè kú nínú rẹ̀. Ta ni yóò wá parí rẹ̀?

Fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a jà. Nígbà ọyẹ́, wọ́n tún gbé e lọ sí ọsibítù. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ibà pa ọmọ ọ̀dọ̀ inú eré náà. Iná kò lọ lọ́jọ́ yẹn. Mo rí gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ pé Fúnkẹ́ máa bi mí. Bí èmi àti màmá mi ṣe ń lọ wò ó, mo to ìparí mìíràn sínú: ọmọ ọ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ibà lọ sílẹ̀, ó mu ògì, ó gbá àgbàlá.

Nọ́ọ̀sì fi Haúsá kí mi, ó sì dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. "Sànnu, ọmọ mi. Ọmọdé kì í wọ ibí."

Ìyá Fúnkẹ́ gba fúláàsì ògì lọ́wọ́ màmá mi, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó, mo ń tún ìtàn náà sọ lábẹ́ ètè kí n má baà gbàgbé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ tún jáde, sílípáàsì Fúnkẹ́ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, Fúnkẹ́ kò bá a jáde.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbìyànjú láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn. Mo ti fi ojú ìyá rẹ̀ wò ó, mo ti fi ojú nọ́ọ̀sì wò ó. Mo gbìyànjú ojú Fúnkẹ́ pàápàá, àmọ́ kò kọjá "mo lajú." Wọ́n ti wó kíṣìnnì yẹn, orí fóònù sì làwọn ọmọ ti ń pa ìtàn báyìí. Ìbéèrè ẹni tí yóò sọ ọ́ kò yí padà.

Mo bi ọmọ mi pé ta ló kù nígbà tí ìtàn rẹ̀ parí.

Ó ní, "Ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin inú ìtàn náà ni."

Mo ní kó jẹ́ kí ọ̀rẹ́ náà sọ ọ́. Mo ní kó má sì gbàgbé pé ọ̀rẹ́ náà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.