Ìgbín Onígèlè

Òórùn ìwé ògbólógbòó, bí ewé gbígbẹ tí òjò àkọ́rọ̀ kán sí, ni mo fi ń rántí Berlin. Kì í ṣe òtútù, kì í ṣe ariwo U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ ilé wa kọjá ní àdúgbò Wedding. Ní ọdún 2002, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí mo máa ń gbá tí mo sì máa ń nù láràárọ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà. Àwòrán ayé àtijọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ìyá àgbà òyìnbó tó ni ín kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ tó bá ti rí i pé mo dúró ti àwòrán kan pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, á bọ́ awò ojú rẹ̀, á wá ṣàlàyé fún mi.

Àwọn àwòrán náà ṣe mí ní kàyéfì. Ọ̀pọ̀lọ́ wọ aṣọ adájọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ jókòó sídìí tábìlì, ó fi ẹ̀wọ̀n wúrà sọ́rùn. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ gbé ìwé àdúrà dání, ó ń wo adìyẹ. Ìyá àgbà ní ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti yà wọ́n, nígbà tí ọba ṣì ń jẹ nílẹ̀ wọn. Ẹni tó bá ya ojú ìjòyè láti fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Wọ́n wá ń ya kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, wọ́n á fi irunmú ìjòyè náà sí i lẹ́nu. Gbogbo ìlú á rẹ́rìn-ín, olówó irunmú ò sì ní lè jáde sọ pé òun ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nílé wa, Ìjàpá kọ́ ló ń ru ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo wa?

Ọmọ mi obìnrin wà lọ́dọ̀ màámi ní Ṣàgámù nígbà yẹn. Bàbá rẹ̀ ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ kí n tó rìnrìn àjò. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mo fi sílẹ̀, ó sì ti pé mẹ́fà. Orí fóònù ni mo ti gbọ́ pé eyín iwájú rẹ̀ ti yọ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń ra káàdì láti pè é, màá béèrè ohun tó jẹ, á ní ìrẹsì, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ọ̀rọ̀ á tán láàárín ìyá àtọmọ! Nígbà tí ìyá àgbà wá fún mi ní àwọn àwòrán tí etí wọn ti ya, tí kò lè tà mọ́, mo gbà pé mo ti rí oògùn rẹ̀. Mo ń kọ àlọ́ sẹ́yìn wọn, mo sì ń fi wọ́n rán ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ sílé nínú ìjọ wa. Láti ìgbà náà, òun ló kù tó ń bi mí léèrè. "Mọ́mì, kí ló bí ọ̀pọ̀lọ́ yẹn nínú?" A ó sọ ọ́ títí káàdì á fi tán. Mo tiẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo ní kó kọ́kọ́ wo ènìyàn dáadáa, yóò rí ẹran tó jọ. Mo rò pé mo gbọ́n. Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde; èmi wà lóde, mò ń kó ẹ̀ṣọ́ ránṣẹ́ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ kan tí ìyá àgbà kì í rán mi sí. Àwọn ènìyàn dúdú ni wọ́n yà síbẹ̀, wọ́n fi ẹnu ọ̀bọ àti ìrù sí wọn, wọ́n dé wọn ní fìlà òyìnbó. Kò sí ìjòyè kankan tí wọ́n ń bẹ̀rù nínú ìyẹn. Ìyá àgbà bá mi níbẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Àwọn yẹn kì í ṣe títà." Mi ò bi í léèrè ìdí tó fi ń tọ́jú wọn. Mo nílò iṣẹ́ náà. Mo ti dúrọ́ọ̀ yẹn pa, mo sì nu ojú rẹ̀ títí ó fi ń dán.

Ní Ausländerbehörde, ọ́fíìsì tó ń fún àwọn àjèjì níwèé ìgbélùú, wọ́n ní kí ọmọ tó lè wá, mo gbọ́dọ̀ ní iyàrá tó tó àti iṣẹ́ tó dúró. Mo kó kúrò ní Berlin, mo rí méjèèjì ní ìlú Hamburg: iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, àti ilé oníyàrá méjì ní Billstedt, lókè téńté. Mo ra bẹ́ẹ̀dì kékeré, mo tẹ́ ẹ. Ó ku kí màámi mú ọmọ lọ sí ẹ́ḿbásì ní Èkó lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Ìgbà yẹn ni màámi pè mí.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o jókòó?"

"Mo jókòó, màámi."

"Ọmọ rẹ ya bàbá ìjọ ní òbúkọ."

Ó ní àárín ìwàásù ni, ẹ̀yìn ìwé orin ni ó yà á sí. Ìwé náà ti dé ọ̀dọ̀ àwọn akọrin kí ẹnikẹ́ni tó gbà á, wọn ò sì lè kọ orin wọn parí. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ṣé ó jọ ọ́?"

"Ó jọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀."

Orúnkún tó ń dun màámi ló fi kúnlẹ̀ bẹ bàbá náà. Ó wá ní òun ò mú ọmọ lọ sí ẹ́ḿbásì kankan. "Ibi tí wọ́n ti ń sọ àgbà di ẹran, ṣé wọn ò ní sọ ọmọ yìí náà di ẹran?" Mo fẹ́ búra pé kò lè ṣẹlẹ̀. Àmọ́ dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ yẹn sọ sí mi lọ́kàn.

Mo bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo rán àwọn àgbà ìjọ sí i, ó ṣe wọ́n lálejò, ó sì dá wọn padà. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì kékeré yẹn, màá tún un tẹ́. Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́wàá, mo pè é, ẹ̀bẹ̀ sì ti tán lẹ́nu mi. Mo kàn ṣáà béèrè ni.

"Màámi, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹran wo ló yà yín?"



"Ìgbín," ó ní. "Ó wé gèlè mi fún un. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ jókòó sórí ìkarahun, ó di gèlè náà mú."

"Ìwé náà dà?"

"Ó wà nínú Bíbélì mi."

"Ìyẹn ò bí yín nínú?"

Ó mí kanlẹ̀. "Wọ́n ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ọmọ yìí rò pé èmi ni ìgbín. Òun ni ìgbín. Bó bá fà lọ sí Jámánì, ta ni yóò fa èmi?"

Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń wo ènìyàn, mi ò wo ìyá mi rí. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, tí èmi náà ti lọ, ohùn ọmọ yẹn nìkan ló ń pè é nínú ilé náà. Mo sunkún. Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín." Ọ̀rọ̀ náà ń ta mí lẹ́nu bí mo ṣe ń sọ ọ́, àmọ́ mo sọ ọ́.

"Panu mọ́," ó ní. "Ta ló bí i?"

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ó wé gèlè rẹ̀, ó sì mú ọmọ lọ sí ẹ́ḿbásì.

Ọmọ náà dé ní oṣù kẹta lẹ́yìn rẹ̀. Ní pápákọ̀ òfúrufú Hamburg, ó sá sẹ́yìn arábìnrin ìjọ kan tó mú un wá, lẹ́yìn náà ló jáde, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, mà." Bí wọ́n ṣe ń kí àlejò. Ó pẹ́ kí n tó di ìyá rẹ̀. Mo sì ti ṣèlérí fún màámi pé bí ọwọ́ mi bá ti balẹ̀, òun náà á wá wò wá. Àwọn ìyá onílẹ̀ ni mò ń wẹ̀ níbi iṣẹ́, ni mò ń fi oúnjẹ sí lẹ́nu lójoojúmọ́, títí màámi fi lọ mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ọyẹ́ kan, tí kò sí ọmọ tó wẹ̀ ẹ́.

Wọ́n fi Bíbélì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ìgbín náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú gèlè rẹ̀ àti ọmọ tó di gèlè mú. Àmọ́ lẹ́yìn ọmọ náà, ẹnì kan tí kò mọ pẹ́ńsùlù dì mú ti fi èyí tí màámi fi ń fàlà sí Bíbélì rẹ̀ ya kinní róbótó kan sórí ìkarahun, ó fi ojú méjì sí i. Ọmọ mi, tó ti ga dé èjìká mi báyìí, tí mo bá fi Yorùbá pè, tó máa ń fi èdè Jámánì dáhùn, bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní mi ò mọ̀. Ó wo àwòrán náà, ó wò mí, ó tún padà wo àwòrán, bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó ní èmi ni. "Das bist du, Mama." Ó sì padà sídìí iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀.