Ọjọ́ Tí Mo Dẹ́rù Ba Àwọn Oníláfún

Tí o bá wá sí abúlé wa lẹ́bàá Ìjàyè lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, imú rẹ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ pé o ti dé. Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan lómi máa ń gba gbogbo àdúgbò. Orí àpáta ńlá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn ìyá wa ń sá a sí títí yóò fi gbẹ di láfún. Láfún orí àpáta yẹn ló rán mi lọ sí yunifásítì.

Físíìsì ni mo lọ kọ́. Lọ́dún tí mo fẹ́ parí, mo yá ẹ̀rọ kékeré kan wálé, èyí tó máa ń ké tá-tá-tá bó bá ti kan ìtànṣán tí ojú kì í rí. Mo ní iṣẹ́ ìwádìí ni, àmọ́ kí n má parọ́ fún ọ, fáàrí pọ̀ níbẹ̀. Mo gbé e sórí àpáta lójú àwọn ìyá, ó sì ké ju bó ṣe ń ké nílé lọ. Inú mi dùn. Mo ní, "Ẹ gbọ́! Yùréníọ̀mù wà nínú òkúta yín. Òun ni àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ń wá kiri láti fi tan iná mànàmáná."

Ìyá ìjọ, tó dàgbà jù láàárín wọn, bi mí pé, "Ṣé òun kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe bọ́ǹbù?"

Mo ní òun náà ni, mo sì bá tèmi lọ.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kò sí ẹ̀gẹ́ kankan lórí àpáta mọ́. Obìnrin tó máa ń wá ra láfún láti Mọníyà gbọ́ lójú ọ̀nà, ó sì ní kí ọlọ́kadà yí òun padà. Ẹ̀gẹ́ tí ìyá mi ti rẹ bàjẹ́ sínú ìkòkò, àwọn fúnra wọn sì gbé e lọ dà nù sẹ́yìnkùlé lójú mi. Ìyá mi ò pariwo mọ́ mi. Wọ́n kàn ní, "Ìwọ lo bà á jẹ́, ìwọ lo máa tún un ṣe."

Ojú tì mí gan-an. Mo pinnu pé mi ò ní padà sílé ẹ̀kọ́ àfi bí láfún bá padà sórí àpáta. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wọ ojúlé dé ojúlé. Mi ò wàásù mọ́. Àwọn ìyá fúnra wọn ni mo ní kí wọ́n di ẹ̀rọ náà mú, kí wọ́n máa fi ẹyọ àgbàdo ka ìró rẹ̀. Ó ké lára ògiri, ó ké lórí ọlọ, ó ké níbi tí kò sí nǹkan kan rárá. Nígbà tí a gbé e sórí láfún ọdún tó kọjá, iye àgbàdo tí wọ́n kà kò yàtọ̀ sí ti afẹ́fẹ́ lásán. Mo ṣàlàyé pé bíńtín yùréníọ̀mù wà nínú irú òkúta báyìí níbi gbogbo, pé ibi tó bá pọ̀ nìkan ni wọ́n ti ń wà á, tiwa ò sì tó nǹkan.

Ìyá ìjọ ní, "Kí ló wá dé tó o fi dẹ́rù bà wá?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ ṣe fáàrí ni."

Ìyá ìjọ rẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìwé pa wá!" Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ wọn padà sórí àpáta.

Lónìí, ọ̀rọ̀ agbára núkílíà, iná mànàmáná tí wọ́n ń fi yùréníọ̀mù tàn, ni iṣẹ́ mi. Nípàdé, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi a ní àwọn tó fẹ́ yùréníọ̀mù ń pọ̀ sí i, wọn a ní bóyá èyí tí wọ́n ń wà nílẹ̀ kò ní kárí, pé kí àwa náà tètè kọ́ iléeṣẹ́ iná tiwa. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ti sú mi. Àmọ́ bí ẹnì kan bá ti ní, "Tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, a máa ṣàlàyé fún àwọn ará abúlé," mo máa ń nawọ́ sókè, mi ò sì ní sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí wọn yóò fi gbà pé àlàyé ló máa ṣáájú. Wọ́n ti ń pè mí ní olóríkunkun. Kí wọ́n máa pè mí. Àwọn kọ́ ni wọ́n dúró lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n ń wo ìyá wọn bó ṣe ń da iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan nù nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn.